Ọjọ́ tí Bàálù Alábẹ̀bẹ̀ Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Wá sí Bàrígà

Ẹni tó bá sọ pé òun kò sáré lọ́jọ́ tí bàálù alábẹ̀bẹ̀ balẹ̀ ní Bàrígà, irọ́ ló ń pa. Gbogbo wa la sáré. Àwọn télọ̀ sáré wá láti Ṣómólú pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà fi iná sílẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ sáré wá pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé ìdajì. Èmi ni mo ṣáájú gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Ọmọ etíkun Oǹdó ni wá. Lẹ́yìn ikú bàbá wa, èmi àti ìyá wa ń yan ẹja létí ọ̀sà Bàrígà, ẹ̀gbọ́n mi sì padà sílé lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń wá epo rọ̀bì nínú irà. Òun ló ń wa ọkọ̀ ojú omi wọn. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá wa bí, Iye la sì ń pe ìyá ní èdè ilé wa.

Nígbàkúùgbà tó bá wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: bàálù tí àwọn òyìnbó náà fi ń rìn. Hẹlikópítà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ alábẹ̀bẹ̀ la mọ̀ ọ́n sí nílé wa, nítorí abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń yí lórí rẹ̀. Ó ní kì í sáré kó tó gbéra, ibi tó bá wà náà ló ti ń dìde. Ó ní ó lè fà sẹ́yìn, ó lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn, ó sì lè dúró sójú kan lókè. Ìyá mi á pòṣé. Èmi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mo máa ń bi í ní ìbéèrè títí á fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun sùn, inú á sì bí mi, nítorí pé ẹni tó bá mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wálé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dírẹ́bà àwọn òyìnbó náà fi jíìpù wá sílé wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó mọ èèyàn í kí. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, kò kí wa tán tó fi ṣí fìlà. Ìyá mi dìde, ó fi èdè etíkun wa bèèrè ọmọ rẹ̀.

“Ọma mi ńkọ́?”

“Màmá, ẹ fara balẹ̀. Igi ńlá kan ló já lu ẹsẹ̀ rẹ̀ lánàá, egungun itan ló dá. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e gba ojú omi, á pẹ́ jù. Alábẹ̀bẹ̀ ló máa gbé e wá sí pápá Bàrígà tó wà lójú ọ̀nà Igbóbì, ibẹ̀ la ó ti fi ọkọ̀ gbé e dé ọsibítù tí wọ́n ti ń to egungun.”

“Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè nígbà tí wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí wa, Màmá.”

“Nígbà tí” yẹn ni ìyá mi gbọ́, òun náà ló sì ń sọ lábẹ́ ẹnu títí a fi dé pápá.

Ní pápá, dírẹ́bà lé àwọn ewúrẹ́ kúrò. Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí awakọ̀ lè mọ ibi tó máa balẹ̀ sí, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ní kí àwọn obìnrin so gèlè le, kí wọ́n di ọmọ wọn mú. Ta ló dá a lóhùn? Ojú gbogbo wa ti wà lókè.

Kí a tó rí i la ti gbọ́ ọ. Ìró kan ń ti apá ọ̀sà bọ̀, gbù-gbù-gbù, bí ìgbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin ń gún nǹkan lódó lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yọ, orí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì roboto, ìrù rẹ̀ sì jẹ́ kìkì irin, ó rí bí egungun ẹja tí èèyàn ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ẹ̀gbọ́n mi, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá gbọ́ tirẹ̀. Ó dé òkè orí wa, ó sì dúró. Mo ní ó dúró! Mo di ẹni tó ń fò sókè. “Ó dúró! Ẹ wò ó, kò lọ mọ́! Ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́!”

Lẹ́yìn náà ló ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eruku bo pápá, fìlà ń fò, gèlè ń fò, páànù kan ṣí kúrò lórí ilé tó wà nítòsí. Ìgbà yẹn ni ìyá mi di ọwọ́ mi mú, tí ó sì nàka sí ẹ̀gbẹ́ alábẹ̀bẹ̀ náà.

Awakọ̀ nìkan ló wà nínú gíláàsì yẹn, ìjókòó tó kù ṣófo. Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, wọ́n de nǹkan kan tó gùn tó èèyàn mọ́ ẹsẹ̀ alábẹ̀bẹ̀ náà. Wọ́n fi aṣọ dì í pinpin, okùn gba àyà àti orúnkún rẹ̀ kọjá. Ní etí omi tiwa, ẹni tí wọ́n bá tẹ́ gbalaja sínú ọkọ̀, tí aṣọ bò ó látòkè délẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn dè é, a kì í béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá. Aláìsàn tiwa a máa jókòó, èèyàn a máa gbé orí rẹ̀ lé itan. Ta ló tún máa fi ìjókòó sílẹ̀ nínú ilé, táá wá so alààyè mọ́ ìta?

“Yéè!” ni ìyá mi ké. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí nínú iyanrìn. Gbogbo obìnrin Bàrígà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ orin ìsìnkú. Ọkùnrin kan sì rí i pé nǹkan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì náà, ló bá pariwo pé, “Òkú méjì ni! Méjì ni wọ́n!” Ní ti èmi, inú ló bí mi. Nǹkan tí mo fẹ́ràn tó báyìí, òun ló wá gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi lé mi lọ́wọ́! Mo bọ́ bàtà mi, mo fẹ́ lọ sọ ọ́ lù ú. Dírẹ́bà ló rá mi mú.

“Sísítà, nó go there o! Abẹ̀bẹ̀ yẹn á gé ẹ lórí!”

Ẹ́ńjìnì kú. Abẹ̀bẹ̀ ń yí lọ́ra-lọ́ra títí ó fi dúró. Awakọ̀ fò sílẹ̀, ó tú okùn, ó sì ṣí ọmọrí kan tó mọ́ gaara tó wà níbi orí. Oòrùn tó ń tàn sí ọmọrí yẹn ni kò jẹ́ kí a rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. A gbọ́ ohùn kan.

“Iye! Ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Iyanrìn ti kún yín lẹ́nu.”

Ariwo tó sọ ní pápá lẹ́yìn náà, ti alábẹ̀bẹ̀ gan-an kò tó o. Ìyá mi fi ọwọ́ àti orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lójú, ó ń fọwọ́ pa á létí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ní ti òkú kejì, àpò iyanrìn ni. Wọ́n so ó síbẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba, bí àwa náà ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkùnrin tó pariwo yẹn sinmi, bó bá ti ń kọjá ni wọ́n á máa bá a kẹ́dùn àpò iyanrìn.

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ ní ọsibítù, wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. A ń gbé ẹja lọ fún un láti Bàrígà, èèyàn rere sì ni gbogbo àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí egungun náà ń so pọ̀ dáadáa, awakọ̀ alábẹ̀bẹ̀ wá kí i, dírẹ́bà sì tẹ̀ lé e láti ṣe ògbufọ̀. Àwòrán kan ló mú dání.

Bí mo ṣe rí àwòrán yẹn, ara mi kò gbà á mọ́. Alábẹ̀bẹ̀ tuntun ni. Wọ́n ń dán an wò lọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní: bí ọ̀kan bá kú lójú òkun, èkejì á gbé yín délé. Ikùn rẹ̀ gbòòrò, ó ní ilẹ̀kùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí aláìsàn ni ẹ fẹ́ gbé, ẹ to ibùsùn sínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì jókòó tì wọ́n. Bí òṣìṣẹ́ ni, ẹ kó ibùsùn kúrò, ẹ to ìjókòó. Bí ẹrù ni, ẹ kó ìjókòó náà kúrò. Ẹrù tí kò bá gba inú rẹ̀, ìkọ́ wà lábẹ́ tí wọ́n á fi gbé e rọ̀. Mo bi awakọ̀ náà ní ìbéèrè títí dírẹ́bà fi ní ẹnu ti ń ro òun.

Awakọ̀ wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní bí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bá san, wọ́n fẹ́ kí ó padà wá, kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ júwe ibi tí alábẹ̀bẹ̀ máa balẹ̀ sí nínú irà. Bí tuntun yẹn bá dé, á máa bá a rìn. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń tàn bí ojú ọmọ tuntun. Ó wo ìyá wa. Ìyá wa ń bó ọsàn, kò gbójú sókè.

“Iye,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ, “ẹ kò mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Abẹ́ ọmọrí yẹn ni mo ti ń wo gbogbo ayé. Mo rí ọ̀sà látòkè, mo rí ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn, mo rí àwọ̀n àwọn èèyàn wa. Mo rí pápá. Mo rí yín.”

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn.

“O rí mi?”

“Mo rí bí ẹ ṣe ṣubú. Mo ń pè yín, mo ń pariwo pé mi ò kú, ẹ́ńjìnì kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.”

Ìyá mi gbé ọsàn sílẹ̀. Ó yíjú sí dírẹ́bà.

“Bá mi bi í. Ẹ́ńjìnì méjì ni tuntun yẹn?”

“Méjì ni, Màmá.”

“Inú ilé rẹ̀ ni èèyàn ń sùn sí, kì í ṣe ìta?”

“Inú ni, Màmá.”

“Sọ fún un pé ọma mi máa wá. Títí tuntun yẹn á fi dé, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà. Kó máa fọwọ́ pè é sílẹ̀, kó má gùn ún. Bí elẹ́ńjìnì méjì bá dé, kó gùn ún.”

Mo pariwo ayọ̀ títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bá mi wí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dúpẹ́, ìyá mi fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sunkún ọmọ, tí ọmọ kì í rí i,” ló wí. “Ìwọ ti rí ẹkún tìrẹ. Má jẹ́ kí n tún un sun.”