Iṣu Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Iṣu kì í dúró de ìjọba. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń kógbá wọlé, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ku díẹ̀ kó dé, gbogbo iṣu inú abà á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Kò ní béèrè bóyá wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìṣúná tàbí wọn kò tíì buwọ́ lù ú. Bí a kò bá gbìn ín, á jẹ ara rẹ̀ tán, á jẹrà. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè sá àgbàdo, kó rọ ọ́ sínú ìgò, kó dé e, kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí di ọdún mìíràn. Iṣu ní tirẹ̀, ọdọọdún ló gbọ́dọ̀ wọlẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ẹ̀ka yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní Òkè-Ògùn. N kì í ṣe olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ ọmọ níwèé, èmi ń tọ́jú abà. Mo máa ń lọ káàkiri, láti Ìgànná dé Òkèhò, mo ń wá irú àwọn iṣu àtijọ́ tó ń parẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo ń gba èbù wọn, mo ń gbìn ín sí oko ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún kó má baà parun. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá iṣu lòun fẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá àgbà kan wà ní oko kan lápá Òkèhò. Ó ní iṣu kan tí n kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun bí òwú, bí a bá sì sè é, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Kò pè é ní orúkọ kankan ju "iṣu ìyá mi" lọ, nítorí ìyá rẹ̀ ló gbé e wá sílé ọkọ nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó. Mo ní kó tà á fún mi. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó ta ìyá náà gan-an. Mo lọ, mo bọ̀, ó di ọdún kejì kó tó gbà.

"N ò tà á, n ò sì fi ta ẹ́ lọ́rẹ," ó ní. "Mo gbé e fún ẹ kó o bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Iná ń jó oko, màlúù ń jẹ oko, èmi náà ń darúgbó. Bí tèmi bá ṣòfò, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó wá. Ilé ìjọba kì í jó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ilé ìjọba kì í jó.

Lóòótọ́, kò jó. Ìjọba ìpínlẹ̀ kàn ní owó tí àwọn ń fún yunifásítì ti pọ̀ jù, àfi kí àwọn gé e. Wọ́n gé e. Àwọn lébìrà tó ń kọ ebè ló kọ́kọ́ lọ. Mo gbé ọkọ́, mo kọ ebè fúnra mi, ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé. Nígbà tó yá, wọ́n tún gé e. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn, ọ̀gá kan tó ti olú ilé-ẹ̀kọ́ wá sì ń ka orúkọ láti inú fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn òpin oṣù. Ojú ń tì í, mo rí i. Ó ń ka orúkọ, ó ń nu imú. Gbogbo àwa tó wà ní ẹ̀ka ọ̀gbìn ló kà tán, àfi olórí ẹ̀ka.

Nígbà tó béèrè bóyá a ní ìbéèrè, mo dìde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé báwo ni èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣe máa tún ayé bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè ìyẹn, ẹkún ni n ó sun, n kì í sì í sunkún níwájú ọkùnrin tó wọ táì. Mo ní, "Ọ̀gá, iṣu ńkọ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ní, "Màdáámú, ọ̀rọ̀ èèyàn là ń sọ, ẹ̀ ń sọ ti iṣu."

Mo jókòó. Inú bí mi dé góńgó, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe?

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, wọ́n fi àgádágodo ti abà. Wọ́n ní dúkìá ìjọba ló wà nínú rẹ̀, pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo lọ bẹ olórí ẹ̀ka wa pé kó jẹ́ kí n kó èbù náà lọ gbìn sí oko ọkọ mi, bí ìjọba bá fẹ́ ẹ padà, kí wọ́n wá wà á. Ó ní òun gbọ́ mi, àmọ́ bí ohunkóhun bá dín níbẹ̀, òun ni wọ́n máa mú, kọ́kọ́rọ́ kò sì tiẹ̀ sí lọ́wọ́ òun. Ìgbìmọ̀ kò dé. Òjò dé.

Ilẹ̀ kò tíì gbẹ tí ọ̀kadà kan fi já bàbá àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tuntun tó ti tẹ́ koríko gbígbẹ sí nínú, ó sì mú awó méjì tí ó so lẹ́sẹ̀ dání. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó abà rẹ̀, kò ku èbù kan. Síbẹ̀ kò fajú ro. Inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti gbọ́n ṣáájú iná.

"Awó yìí, tìẹ ni," ó ní. "Ẹni tó bá báni tọ́jú ìyá ẹni, a kì í fọwọ́ lásán lọ bá a. Dìde, ọmọ mi, ká lọ mú un."

Mo ṣàlàyé fún un bó ṣe rí, ó ní ká ṣáà máa lọ. Mo mú ìborùn, a lọ.

Gáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun, Àáfà la máa ń pè é. Ó jẹ́ ká wọlé dé ẹ̀gbẹ́ abà. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èèyàn lè rí inú. Àwọn iṣu ti hù, wọ́n ti lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n ń na ọrùn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bàbá ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà, ó dúró, ó ki ìka kan bọ ihò, ó fi kan ọ̀kan lára wọn.

"Òun nìyí," ó ní. "Ó ṣì wà láàyè. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Àáfà pe olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka ní ká pe ọ̀gá kan ní olú ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá náà ní ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀, ó ní wọn kò tíì yàn wọ́n.

Bàbá wo àgádágodo náà. Kò tóbi. Òkúta kan wà nílẹ̀ nítòsí, gbogbo wa la rí i. Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti mú un nígbà tí Àáfà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Ìyá wa, ẹ dákun. Nínú gbogbo àwa gáàdì, èmi nìkan ni wọn ò tíì lé. Bẹ́ ẹ bá já a, èmi lẹ lé."

Mo nàró, mo fi òkúta náà sílẹ̀. Òun náà lọ́mọ nílé. Bàbá fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀ gun ọ̀kadà, kò sì gbà kí n dá awó padà fún òun. "O tọ́jú ẹ̀," ó ní. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ì bá bú mi, ǹ bá rí ohun tí n ó fi dáhùn.

Mo pe fóònù títí ó fi sú mi. Mo lọ bẹ àwọn àgbà ìlú. Gbogbo wọn ní kí n ṣe sùúrù. Èmi lè ṣe é, iṣu kò lè ṣe é.

A ti ṣọdún Iléyá kọjá kí ìgbìmọ̀ tó dé. Àáfà ló wá sọ fún mi pé òórùn kò jẹ́ kí wọ́n lè wọlé, pé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́yìn ọgbà. Mo lọ síbẹ̀, mo fi igi tú u wò, kò sí ẹyọ kan tó le nínú wọn. Mo sunkún. Kò sí ọkùnrin oní-táì níbẹ̀.

Mo ní ẹnu mi ni bàbá yóò ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí oko rẹ̀. Àgbàdo àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà ti ga dé àyà. Oko tirẹ̀, ebè ló kún inú rẹ̀, ó ti ri ọ̀pá iṣu mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí nǹkan kan tó hù lórí wọn. Òun fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń ro ìdí wọn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní. "Gbogbo èèyàn ní kí n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Mo ní rárá, ààyè iṣu ìyá mi ni. Bí wọ́n bá ṣí abà lónìí, ọ̀la ló máa wọlẹ̀."

Ó ń wo ọwọ́ mi bóyá mo gbé nǹkan dání. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Mo bọ́ bàtà, mo bá a ro ìdí ebè títí oòrùn fi wọ̀.