Kaoussara Mọ̀ Kí Ìró Ẹ̀tù Tó Dé

Láti ìgbà tí Kaoussara ti wọ ilé ọkọ ní abúlé kan nítòsí Goro, òrí ló ń pò. Òun gan-an ló kọ́kọ́ fura pé ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lókè ọ̀hún bá ti yìn ín, omi inú agbada rẹ̀ á ta kíún, lẹ́yìn náà á yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ariwo kò ní tíì dé. Á wá máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀tàlá. Ìgbà náà ni "gbòà!" yóò tó dún.

Nafiou ọkọ rẹ̀ ò gbà. "Ìyá Habibath, òórùn òrí ló ń pa ẹ́ bí ọtí. Ta ló ń gbọ́ ohun tí kò tíì dún?"

Kaoussara padà sídìí agbada rẹ̀.

Nígbà tí ògiri ilé púpọ̀ lábúlé bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọmọ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Bassirou gbé ẹ̀rọ tó ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì wá. Ó fẹ́ gbẹ́ ihò tí yóò rì í sí ní àárín agbo ilé Kaoussara.

"Mùsíọ̀, ẹ dúró," ni Kaoussara wí. "Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ á máa dà á láàmú. Ẹ wá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé."

Bassirou wo ibẹ̀, ó mi orí pé òótọ́ ni. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí àpáta náà, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gbogbo agbo ilé pé lé wọn lórí. Kaoussara tẹ ojú mọ́ omi agbada.

"Ó ti dé!" ló kígbe.

Lójú ẹsẹ̀ náà, ìlà ojú kọ̀ǹpútà fò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ejò. Kaoussara ń kà, àwọn ọmọ ń gbè é: "Ẹ̀wá! Ọ̀kànlá! Èjìlá! Ẹ̀tàlá!"

Gbòà!

Ariwo àwọn ènìyàn ju ti ẹ̀tù lọ. Bassirou bú sẹ́rìn-ín. "Tata, ìgbì tó ń gba ojú ilẹ̀ kọjá lẹ rí yẹn! Bí omi odò ṣe ń yí tí a bá sọ òkúta sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣe. Ó yára ju ìró tó ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì."

Nafiou fọwọ́ bo ẹnu. Kaoussara kàn ń fò, ìborí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi kọ ohun tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé rẹ̀ síwájú àwọn afọ́pàáta, wọ́n gbà láti máa yin ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fọn fèrè kí wọ́n tó yìn ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin kan ti abúlé Sanson wá pé kí ó kọ́ àwọn bí a ṣe ń wo omi. Kaoussara gbé agbada síta, ó ní kí wọ́n jókòó.