Òbìrìkìtì Pupa

Títí di òní, bí mo bá rí pẹ́ńsù pupa, ọ̀gá wa àtijọ́ ní Abidjan ni mo máa ń rántí, ara mi a sì gbóná. Ẹ má bá mi wá oore rẹ̀.

Ní yàrá ìwádìí wa ní yunifásítì, fọ́tò ipa àwọn èérún tín-tìn-tín tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé mú kọlu ara wọn ni à ń yẹ̀ wò. Ọ̀gá a lá ṣóńṣó pẹ́ńsù rẹ̀, a ya òbìrìkìtì yí ojú ìkọlù ká, a ní: "Ohun tó bá wà lẹ́yìn èyí, ìdọ̀tí ni." Bẹ́ẹ̀ èérún kan wà tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn díẹ̀: yóò rìn jìnnà kọjá òbìrìkìtì láìfi ipa sílẹ̀, kí ó tó pín sí méjì bí ẹ̀ka igi.

Ọmọbìnrin kan láàárín wa, ọmọ àwọn ará Ṣakí tí a bí sí àdúgbò Treichville ní Abidjan, rí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òbìrìkìtì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibí yìí."

"Ça suffit! Ó tó! Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi?"

Nígbà tó yá, àlejò kan dé láti Faransé, ó sì béèrè àwọn ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn náà gan-an. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nàka sí ọmọbìnrin náà: "Òun ló ya gbogbo òbìrìkìtì wọ̀nyí. Mo kìlọ̀ fún un títí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ló yà wọ́n." Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lé ọmọbìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ mí níbi ìsìnkú kí n sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa rẹ̀. Mo dìde, mo tún agbádá mi ṣe, mo ní: "Bàbá yín mọ òbìrìkìtì í yà."

Mo sì jókòó.