Òrí Oníka-Kúkúrú

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Àmínà, ọmọ ọmọ mi, ṣí ìdérí ike òrí kan níwájú mi. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Ó rò pé ata tí wọ́n ń lọ̀ lẹ́yìnkùlé ló ta sí mi. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò gbà pé òórùn òrí lè pa àgbàlagbà lẹ́kún?

Òwò òrí ni ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ṣakí, kó máa dì í sínú ike, kó máa fi ránṣẹ́ sí Ìjió àti òdìkejì ẹnubodè. Àmì tí yóò lẹ̀ mọ́ ike yẹn ló fẹ́ kí n bá òun yàn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ti ya ewé kan, ó ya igbá kan, ó sì ya ọwọ́ kan tí ìka rẹ̀ gún régé. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn nílé ìwé pé àmì gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, kí àwọ̀ rẹ̀ má pọ̀, kí àyè sì wà yí i ká kí ojú lè rí ibi sinmi. "Màmá, èwo ló wù yín?"

Ojú mi dúró lórí ọwọ́ yẹn. Ràfí ni mo ń rí.

Ràfíátù ni ọ̀rẹ́ mi nígbà èwe, ògiri kan ló là wá láàárín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí ọjà ṣe rí nígbà náà. Àwọn ìyá wa ò mọ̀wé, àwòrán ni wọ́n fi ń rajà. Bí ìyá mi bá rán mi níṣẹ́, á ní kí n ra ìṣáná eléhoro, kí n wo ehoro náà dáadáa, bí kò bá kọjú sí ọ̀tún, kí n dá a padà fún wọn, ayédèrú ni. Èmi àti Ràfí a máa ṣa páálí ìṣáná àti bébà ọṣẹ jọ, a ó tò wọ́n sórí pèpéle, a ó wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ká máa wo èyí tí ojú kọ́kọ́ rí. Pupa lórí funfun ló máa ń borí. Èyí tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ kún bámúbámú, a kì í rí nǹkan kan níbẹ̀. Títí dòní ni mo ń ṣeré yẹn lójú mi. Pátákó ìpolówó kan wà ní garéèjì wa báyìí, obìnrin ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tóbi ju ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọṣẹ ni wọ́n ń tà, mo ti rò pé eyín ni.

Ìyá Ràfí ló ń ṣe òrí. Àdá ti gé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé, ìdajì rẹ̀ ló kù. Bí òrí bá ti ń dì nínú igbá, tí kò tíì le, á tẹ ìka mẹ́rin sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Mẹ́ta gùn, ọ̀kan kúrú láàárín wọn. Ràfí fẹ́ fín ewé sí etí òrí lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Fi ojú òrí sílẹ̀ jàre! Bí o bá fín gbogbo rẹ̀ tán, kí lo fẹ́ kí èèyàn rí?" Àwọn oníbàárà láti Ìjió kì í tíì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n á ti máa pariwo, "Oníka-Kúkúrú dà o?"

Àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lára ìyá náà tó fi jáde láyé. Bàbá Ràfí ti kú ṣáájú. Àbúrò bàbá rẹ̀ wá sọ ojú abẹ níkòó, ó ní bí òrí bá ṣì ń tà, kí ọmọ dúró sí Ṣakí kó máa lọ sílé ìwé rẹ̀, bí kò bá tà, kó tẹ̀lé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ sí Ìjió. Gbogbo ohun tí Ràfí mọ̀ láyé kò ju àdúgbò wa lọ. Ó ní, "Mi ò lọ o. Màá ṣe òrí."

Ó sì ṣe é, òrí náà funfun, ó dán. Ó gbé e lọ sọ́jà láìtẹ nǹkan kan sójú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kọjá lára rẹ̀. Ojú wọn ń wá ìka kúkúrú, kò rí i.

Kí ọjà mìíràn tó pé, a jókòó ti igbá náà. Ràfí ká ìka àárín rẹ̀ wọlé, ó tẹ ọwọ́ sójú òrí, ó sì yọ ọ́. Mẹ́ta gùn, ọ̀kan kúrú. Àfi bíi pé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Inú mi dùn dénú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Lọ́jà, ìyá kan láti Ìjió tó ti pẹ́ tó ti ń rajà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí ewé lórí igbá, ló bá fò sẹ́yìn. "Lá ìláhà! Ta ló tẹ èyí? Ṣebí èmi náà wà níbi fídáù rẹ̀!"

Ràfí ní, "Èmi ni, màmá. Ọwọ́ mi rèé, ẹ wò ó." Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ pé ṣánṣán, kò sí èyí tó kúrú. Ẹ gbà mí! Ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kó tó ká ìka náà láti fi hàn wọ́n, wọ́n ti ń fà sẹ́yìn. Ìyá náà ní, "Òrí la fi ń pa ọmọ tuntun lára. Èmi ò lè fi èyí tí òkú fọwọ́ kàn pa ọmọ ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà gba ọjà kan. Ràfí jókòó ti igbá rẹ̀ nínú oòrùn títí òrí fi yọ́, tí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pa rẹ́.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi gbé e gun ọkọ̀ lọ sí Ìjió, láàárín àpò èlùbọ́. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó ń juwọ́ sí mi. Ó ti ká ìka àárín náà wọlé. Àbúrò ìyá rẹ̀ mú un kọjá ẹnubodè lẹ́yìn náà, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo sọ fún Àmínà pé ọwọ́ ni kó mú, ṣùgbọ́n kó gé ìka àárín rẹ̀ kúrú. Ó ní, "Háà, Màmá, wọ́n á ní àṣìṣe ni." Mo bá rọ́ gbogbo ìtàn yìí fún un. Ó fi ìka pa ìdajì ìka náà rẹ́ lójú fóònù.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ló ń tẹ àmì báyìí, ẹni tó ni ín lè kú kí àmì rẹ̀ máa tajà lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ̀rù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹnìkan mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ò tíì yí padà. Ohun tó bá mọ̀ ló ṣì ń wá láàárín ọ̀pọ̀ ọjà.

Bí awakọ̀ tó ń kó òrí wa lọ sí òdìkejì ẹnubodè bá ti dé, mo máa ń pè é. Á ní, "Ó ń tà dáadáa, màmá." Mi ò bi í bóyá ó ń tà. Màá ní, "Ṣé kò sí ìyá àgbà kan tó gbé e dání, tó wò ó pẹ́?"

Á ní, "Kò sí, màmá."

Màá ní kó kó òmíràn lọ.