Kaba Pupa Inú Gbọ̀ngàn

Títí dòní, bí òórùn káńfọ̀ bá ti ta sí mi nímú, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Ńṣe ni mo máa ń dìde lọ ṣílẹ̀kùn.

Òórùn yẹn ló kún gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n kó àwa tí iná jó ilé wa sí. Aṣọ ilé-ìwé tó ń rùn èéfín ṣì wà lọ́rùn mi. Aṣọ táwọn èèyàn fi ta wá lọ́rẹ ga bí òkìtì, ìyáàfin tó ń pín in sì ń ṣa tọmọdé sọ́tọ̀. Mọ́mì ò lè jókòó. Ó ń bá wọn ká aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ìyáàfin náà na kaba pupa kan sí mi. "Wá gbà, ọmọ mi."

Mo kọ́kọ́ wo ojú Mọ́mì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fún wa ní nǹkan níta: bó bá ti ṣẹ́jú, kí n kọ̀ ọ́ ni. Mọ́mì ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà. A ní aṣọ nílé."

Ìyáàfin náà fa kaba náà padà.

Mo ti bímọ tèmi kí n tó mọ̀ pé omijé ni Mọ́mì ń ṣẹ́jú lé padà lọ́jọ́ náà.

"Ẹ mà kọ́ ọmọ yìí dáadáa o," ni ìyáàfin náà sọ fún un. Ó sì pe ọmọ tó kàn pé kó wá gba kaba.