Bí Mo Ṣe Lọ Mú Àǹtí Sìkírá Wálé Láti Thamesmead

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò n'Íbàdàn. Ẹbí ló rán mi sí Lọ́ńdọ̀nù, pé kí n lọ mú Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí ní kékeré, wálé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Yàrá rẹ̀ tí a tún kùn ti ń dúró dè é.

Mo sọ̀ nínú rélùwéè ní Abbey Wood, mo wọ bọ́ọ̀sì gba Harrow Manorway. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbowó. Ní Thamesmead, àwọn èèyàn ń kọjá láàárín ilé oníkọnkéré láì kí ara wọn. Nílé wa, àgbà kan ì bá ti bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Owó iṣu kan ní ọjà Woolwich á ra ẹrù iṣu nílé.

Kúdí, ọmọ Àǹtí, ti yá ìwé ìtàn àròsọ kan ní láíbìrì: ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé kan ní ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà, láti orí bàbá ńlá dé orí ọmọ-ọmọ. Ẹnìkan nínú wọn fi ìlú ńlá sílẹ̀, ó padà sílé baba rẹ̀. Mo ní, ọgbọ́n dé! Lẹ́yìn ìrun alásàrí lójoojúmọ́, mo ń sọ ọ́ fún Àǹtí bí ẹni ń pàlọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè fà sílé.

Ìyàwó ilé kì í dárúkọ ará ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí fún gbogbo àwọn ará inú ìwé náà lórúkọ tirẹ̀. Ẹni tó tẹ ìlú dó di Bàbá Oníbaaka. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó padà wálé di Eyínfúnjowó. Nígbà tí Bàbá Oníbaaka kú, Àǹtí nu ojú. "Ọlọ́run á forí jì í."

Kúdí bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, ìwé ni o! Kò sẹ́ni tó kú!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ẹni tó kọ́lé, tó bímọ, lo ní kò kú?"

Nígbà tí Eyínfúnjowó délé, mo ní, "Àǹtí, ẹ rí i? Ilé làbọ̀ sinmi oko."

Ó wò mí. "Àbúrò mi, nígbà tí Bàbá Oníbaaka dé ibẹ̀, ta ló mọ̀?"

"Kò mọ ẹnì kankan."

"Ṣùgbọ́n ilé baba Eyínfúnjowó ni lónìí, àbí?"

Mo pa ìwé náà dé.

"Kúdí ti lóyún. Bí èmi náà bá kúrò níbí, ọ̀dọ̀ ta lọmọ yẹn á máa padà sí?"

Èmi nìkan ni mo padà dé Ìbàdàn. Gbogbo ilé jáde síta. Àlàájì, àgbà ilé wa, wo ẹ̀yìn mi. "Sìkírá dà?"

"Ó wà nílé rẹ̀," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n òun ni ìrìn àjò yẹn kọ́ mi.

Mo sọ fún wọn pé Kúdí ti lóyún. Àlàájì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sí yàrá yẹn. Ọmọ Kúdí á nílò ibi tí yóò sùn, bó bá wá kí wa."