Orin Christabel Kò Dúró De Díìsì Mọ́

Ẹni tó bá ń wá ilé Christabel ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́dún 1991, kó má wulẹ̀ béèrè nọ́ńbà. Kó ṣáà ní òun ń wá ilé tí kọ̀ǹpútà ti ń kọrin. Tọmọdé tàgbà ló máa júwe rẹ̀ fún un.

Bọ́tìnì, òwú àti síìpù ni Christabel ń tà ní ọjà Balógun. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó sì mọ ọjà í tà dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti délé, tó wẹ̀, tó jẹun tán, ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ ó ti bá a. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ. Bàbá rẹ̀, olóògbé Godfrey, tẹ ọ̀gáànù fún ọdún mọ́kàndínlógójì, orí ẹsẹ̀ bàbá yìí ló sì jókòó sí tó fi kọ́ orin.

Àbúrò rẹ̀, Raymond, tó wà ní London, ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́, tòun ti píríńtà nínú páálí. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn báńkì Marina ń lò o. Tiwọn, ìṣirò ló mọ̀. Ti Christabel, ẹ to ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, ti obìnrin méjì, ti ọkùnrin méjì, á kọ gbogbo rẹ̀ papọ̀ fún yín láìṣì ohùn kan. Àmọ́ irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Díìsì kan máa ń bá píríńtà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Díìsì yẹn ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa fi píríńtà ya àwòrán. Èyí tó wà nínú páálí Christabel, kọ̀ǹpútà àwọn báńkì ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ti ní kí píríńtà tẹ orin òun, pẹ̀lú ìlà márùn-ún àti àmì olórí dúdú tó ń gun orí wọn, ńṣe ni yóò da gbogbo rẹ̀ ràpàràpà sórí bébà bí ẹni pé adìẹ tú u ká.

Christabel kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà lókè òkun. Wọ́n fèsì: ẹ ní sùúrù. Ó tún kọ. Wọ́n fèsì pé àwọn tó ń lo irú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tíì pọ̀, pé àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó kọ ẹ̀kẹta, wọn ò tilẹ̀ dáhùn. Oṣù mẹ́rìnlá ti lọ báyẹn.

Ẹ sì wò ó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún un. Ìjọ wọn fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún lóṣù kọkànlá, wọ́n sì ti yan áńtẹ́mù tí Christabel ṣe láti kọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀, wọn ò kọ áńtẹ́mù tí obìnrin ṣe rí.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, dá a dúró lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan.

"Àǹtí Christabel, ẹ kú ìdúró o. Àwọn òyìnbó yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò."

"Láti èṣí ni wọ́n ti ń gbé e. Ṣé kò tíì wúwo lọ́wọ́ wọn ni?"

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Christabel ò rín.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ni Adéyẹmí wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Bí ìwé ogójì ò bá wà lọ́wọ́ wa ní Ọjọ́bọ̀ tí a máa ṣe ìdánrawò, áńtẹ́mù òyìnbó tí a kọ nígbà Kérésì la máa kọ. Ẹ ò ṣe kúkú fọwọ́ kọ sólfà rẹ̀, d, r, m, fún wa?"

"Kí n fọwọ́ ha á jágajàga, kí bíṣọ́ọ̀bù máa wò ó? Ọmọ Godfrey! Ara pátákó ni sólfà ń gbé. Orí ìlà márùn-ún ni bàbá mi ń kọ orin sí."

Ó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kẹrin. Píríńtà ń dún kẹrẹrẹ, kẹrẹrẹ, bébà ń yọ jáde. Ganiat, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Sandgrouse, yọjú wọlé.

"Àǹtí, kí lẹ ń tẹ̀?"

"Lẹ́tà ni. Sí àwọn tó ṣe píríńtà."

"Kí lẹ ní wọ́n ṣe?"

"Mo ní píríńtà wọn ò ṣiṣẹ́."

Ganiat wo píríńtà, ó wo bébà, ó di ẹ̀rín mọ́nú títí kò lè dì í mọ́. "Yéè! Píríńtà tí ò ṣiṣẹ́ ló ń tẹ̀wé pé òun ò ṣiṣẹ́!"

"Máa rẹ́rìn-ín, aláìmọ̀kan. Ó ń tẹ lẹ́tà. Orin ni kò lè tẹ̀. Orin, àwòrán ni."

"D, r, m tí ẹ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó nílẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí àwọn èèyàn yín á wá máa wò kọrin, ṣé àwòrán nìyẹn náà?"

Christabel fa lẹ́tà náà yọ lẹ́nu píríńtà.

"Àǹtí, èèyàn mélòó ló lè ka ìlà márùn-ún yẹn nínú ẹ̀yin ogójì?"

"Èmi. Àti ẹni tó ń tẹ ọ̀gáànù."

"Ẹ wá ń fi oṣù mẹ́rìnlá dúró de ìwé èèyàn méjì. Ẹ kú sùúrù."

Ganiat lọ, Christabel pa ilẹ̀kùn dé. Ó bínú, ó kọ́kọ́ bínú ná. Lẹ́yìn náà ló rántí pé bàbá òun náà, ìlà márùn-ún ló ń kọ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá dúró níwájú àwọn akọrin, sólfà ló ń pè jáde lẹ́nu. Kò sí ọjọ́ kan tó ní kí wọ́n wá ka ìlà.

Ó fa àga mọ́ tábìlì. Ibi tó fi ń kọ lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà náà ló wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀: d, m, s, kólọ̀nù, dáàṣì. Ó ń ka àlàfo níkọ̀ọ̀kan kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dúró gbọọrọ lábẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ sùúrù ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yẹ̀, gbogbo ìlà yóò wọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Lókè pátápátá ló kọ orúkọ áńtẹ́mù sí, lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ pé Christabel, ọmọ Godfrey, ló ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnì. Kẹrẹrẹ. Orin jáde, ó mọ́ roro.

NEPA mú iná lọ lọ́sàn-án Ọjọ́rú nígbà tó ku ìwé mọ́kànlá. Christabel ò lọ sọ́jà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí iná dé, ó parí i, ó ya etí bébà tó ní ihò kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ogójì pé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Adéyẹmí gba tirẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń wá ibi tó ti wọ́.

"Díìsì ti dé nìyẹn?"

"Kò dé o."

"Ta ló wá bá yín tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi náà ni. Ẹ máa wá kọrin, ọ̀rọ̀ ti tó."

Wọ́n kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún gbé pátákó wá. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún náà gan-an, níwájú bíṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ohùn àwọn obìnrin gun òkè tí ti ọkùnrin sì wá gbé e láti ìsàlẹ̀, Christabel tó wà láàárín wọn ò lè kọ mọ́. Ó kàn ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ó dárí ji ilé iṣẹ́ yẹn o. Ó fi lẹ́tà kẹrin ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Marina, ó sì ń kọ ọ̀kan lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Owó ni Raymond fi ra píríńtà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni díìsì. Kò kàn jókòó tì í mọ́ ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 náà, kúáyà mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ti wá béèrè áńtẹ́mù náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá akọrin wọn fẹ́ gba ìwé ọwọ́ Adéyẹmí lọ fọwọ́ dà kọ. Adéyẹmí ká a mọ́ àyà.

"Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ da èyí kọ, bùrọ̀dá. Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kí ẹ bá Àǹtí wa. Orúkọ wọn ló wà lókè yẹn."